Pẹpẹ Tí Ọwọ́ Ọmọdé Tó

Ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dáàbò bò. Ní àdúgbò San Lorenzo ní ìlú Róòmù, ilé-iṣẹ́ kan ti náwó rẹpẹtẹ láti tún àwọn ilé ńláńlá tó ti dẹnu kọlẹ̀ ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí já jẹ. Àmọ́ bí bàbá àti ìyá bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ wọn láàárọ̀, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì tó ilé-ìwé lọ á gba gbogbo ilé kan. Wọn á máa ha ògiri, wọn á máa ba àtẹ̀gùn jẹ́. Edoardo Talamo tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ṣírò ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó rí i pé owó tí òun ń ná lórí àtúnṣe yóò dín kù bí wọ́n bá kó àwọn ọmọ náà sí yàrá kan kí ẹnìkan sì máa mójú tó wọn. Dókítà Maria Montessori ló gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà fún ọmọ bíi 50. Casa dei Bambini ni wọ́n pè é, Ilé Àwọn Ọmọdé.

Montessori kì í ṣe olùkọ́ ilé-ìwé. Oníṣègùn ni, ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè dókítà ní ilẹ̀ Ítálì, ní Yunifásítì Róòmù lọ́dún 1896. Kó tó dé San Lorenzo, ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò gbé nǹkan dáadáa, ibẹ̀ ló sì ti lo oríṣiríṣi igi gbígbẹ́ àti páálí tí Édouard Séguin, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi kọ́ irú wọn ṣáájú rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló kó dé yàrá tuntun náà. Àwọn olówó tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bèbí àti nǹkan ìṣeré tó rẹwà ránṣẹ́. Àwọn ọmọ náà fi wọ́n ṣeré díẹ̀, wọ́n sì pa wọ́n tì. Àwọn igi gbígbẹ́ ni wọ́n ń padà sí ṣáá.

Ohun tó sọ yàrá náà di ohun tí gbogbo ayé ń sọ títí dòní, àṣìṣe ló bí i. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni olùkọ́ máa ń ti àwọn ohun èlò náà mọ́, òun ló sì máa ń pín wọn fún àwọn ọmọ láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé láti ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tún pẹ́ dé. Nígbà tó máa fi wọlé, àwọn ọmọ ti ṣí i, kálukú ti mú ohun tó wù ú, wọ́n sì ti jókòó ti iṣẹ́ wọn. Olùkọ́ ní olè ni wọ́n jà, ó fẹ́ bá wọn wí. Montessori ní rárá. Ó wò ó pé bí ọmọ bá ti mọ ohun kan dé ibi pé ó lè lọ mú un fúnra rẹ̀, ó ti tó kí wọ́n jẹ́ kó máa yàn án fúnra rẹ̀. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí obìnrin yìí ṣe ni pé ó gbé pẹpẹ wálẹ̀: wọ́n kan pẹpẹ tí kò ju àyà ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, wọ́n ṣe àga àti tábìlì tí ọmọ lè dá gbé, wọ́n sì to gbogbo nǹkan síta gbangba.

Ohun tí wọ́n ń pè ní kíláàsì tí ọmọ ń darí nìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ti fi ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbójú fò hàn. Kí ọmọ tó lè yàn, àgbà kan ti yàn ṣáájú rẹ̀: ó ti mọ ohun tó yẹ kó wà lórí pẹpẹ, ó ti mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, ó sì ti kó èyí tí kò wúlò kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lè kọ́kọ́ máa wá olùkọ́ kiri. Kò sí ẹni tó dúró níwájú pátákó dúdú. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún wà pa pọ̀ nínú yàrá kan náà. Ọ̀kan ń da ẹ̀wà láti inú ife kan sínú èkejì. Òmíràn ń fọ tábìlì. Méjì ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnìkan kàn jókòó, ó ń wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bá a wí, nítorí wíwò náà wà lára ẹ̀kọ́. Kò sí ariwo, àmọ́ yàrá náà kò dákẹ́ rọ́rọ́. Olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga kúkúrú, ó ń bá ọmọ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan lọ mú ẹní kékeré, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹní yìí ni ààlà rẹ̀. Àwọn tó kù kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, ṣe ni wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó wá lọ sídìí pẹpẹ tí wọ́n to igi gbígbẹ́ onígun mẹ́rin mẹ́wàá sí, gbogbo wọn ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n rí bíi hóró ṣúgà. Èyí tó tóbi jù fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 níhà gbogbo, èyí tó kéré jù kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wọn, nítorí náà ìrìn mẹ́wàá ni yóò rìn láàárín pẹpẹ àti ẹní, àpapọ̀ ọwọ́ méjèèjì ni yóò sì fi gbé èyí tó wúwo jù. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n léra: ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Bó bá ṣì í tò, ilé-ìṣọ́ rẹ̀ yóò rí wọ́gọwọ̀gọ, òun fúnra rẹ̀ yóò sì rí i. Ẹnikẹ́ni kò ní láti kọ àmì pupa sí i. Ojú rẹ̀ ń kọ́ bí nǹkan ṣe ń tóbi ju ara wọn lọ, apá rẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wúwo jura wọn lọ. Lọ́jọ́ iwájú, nígbà tó bá kan ìṣirò, ẹgbẹ̀rún kan nínú èyí tó kéré jù náà ni yóò kún inú èyí tó tóbi jù, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ ìyẹn fún un nísinsìnyí.

Bákan náà ni pákó tí wọ́n lu ihò mẹ́wàá sí, tí igi roboto mẹ́wàá sì ń wọnú wọn. Igi kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Bí ọmọ bá fi ẹyọ kan sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ọ̀kan yóò ṣẹ́kù tí kò ríbi wọ̀. Ní San Lorenzo, Montessori rí ọmọbìnrin kan tó jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́ta tó gbájú mọ́ pákó yìí. Ó ń yọ wọ́n, ó ń dà wọ́n rú, ó ń dá wọn padà. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ní kí àwọn ọmọ tó kù máa kọrin kí wọ́n sì máa yí i ká. Ọmọ náà kò gbójú sókè. Ó gbé àga tọmọtọmọ, ó gbé e ka orí tábìlì. Ọmọ náà gbá pákó rẹ̀ mọ́ra, ó gbé e lé itan, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ṣe é ju ìgbà 40 lọ kó tó dúró fúnra rẹ̀, tó gbójú sókè, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn tó ń sọ pé ọmọ kékeré kì í lè fọkàn sí ohun kan ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yàn fún un ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n.

Ìdí nìyí tí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kì í fi lu agogo ní ìṣẹ́jú 30-30. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni wọ́n máa ń fún iṣẹ́ àárọ̀. Ọmọ á mú iṣẹ́ kékeré kan, á mú òmíràn, á rìn kiri díẹ̀, ó sì lè jẹ́ wákàtí kejì ni yóò tó bá èyí tí yóò gba gbogbo ọkàn rẹ̀ pàdé. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò rò pé ọmọ ń ṣeré kiri lásán, yóò sì pè é wá jókòó nígbà tó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fi ohun èlò kọ̀ọ̀kan sí. Ọmọ méjì kò lè mú ilé-ìṣọ́ pupa lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dúró títí ẹni tó ń lò ó yóò fi dá a padà sórí pẹpẹ. Owó tí wọ́n fẹ́ ṣọ́ kọ́ nìyẹn. Dídúró de ẹlòmíràn lójoojúmọ́ ń kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu ju ìwàásù lọ. Pípò tí wọ́n po ọjọ́ orí pọ̀ náà ní èrè tirẹ̀: ọmọ ọdún márùn-ún ń bá ọmọ ọdún mẹ́ta so okùn bàtà, ọmọ ọdún mẹ́ta ń wo ohun tí òun náà yóò ṣe lẹ́yìn ọdún méjì. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà nínú agboolé kò ní rí nǹkan tuntun nínú èyí.

Ṣé yíyàn tí ọmọ ń yàn fúnra rẹ̀ yìí kò ní sọ ọ́ di àkẹ́bàjẹ́? Ìbéèrè tí ìyá-ìyá ọmọ máa ń kọ́kọ́ bi olùkọ́ nìyẹn, kò sì burú kó béèrè. Ọmọ lè yan iṣẹ́, àmọ́ kò lè fi igi ilé-ìṣọ́ lu ọmọ ẹlòmíràn lórí. Kò lè já ohun èlò gbà. Ohun tó bá mú, ibi tó ti mú un ni yóò dá a padà sí, bó ṣe bá a. Bí omi bá dà sílẹ̀, àkísà wà níbẹ̀, òun ni yóò nù ún. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì tí pàṣán wà lórí tábìlì, olùkọ́ ló ń nu omi náà lẹ́yìn tó ti na ọmọ tán.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ kíkó ara ró. Ó ń wò, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀: ta ló ti da ẹ̀wà títí tó ti sú u, tó yẹ kó bọ́ sórí omi? Ta ló ń sá fún ìlẹ̀kẹ̀? Bí àsìkò bá tó, yóò lọ bá ọmọ kan ṣoṣo, yóò fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó ti ọwọ́ Séguin wá kọ́ ọ ní orúkọ nǹkan. Àkọ́kọ́, yóò sọ ọ́ fún un: “Èyí nípọn. Èyí fẹ́lẹ́.” Ìkejì, yóò ní: “Bá mi mú èyí tó nípọn.” Ìkẹta ló tó béèrè: “Báwo lèyí ṣe rí?” Bí ọmọ bá ṣì í níbi ìkejì, kò ní bínú, kò sì ní tún un sọ lé e lórí. Yóò kó wọn kúrò nílẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ló jẹ́ pé ibi ìkẹta ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ ló gbé orúkọ San Lorenzo jáde jù lọ. Montessori kò ní in lọ́kàn láti kọ́ wọn ní ìwé rárá. Àwọn ìyá wọn, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, ló bẹ̀ ẹ́. Kò rí ilé-iṣẹ́ tó lè bá a ṣe lẹ́tà tó fẹ́, ni òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ bá fi sáńpépà gé lẹ́tà, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Ọmọ á fi ìka tọ lẹ́tà náà bí ìgbà tó ń kọ ọ́, olùkọ́ á sì pe ìró rẹ̀. Ìka mọ ìrìn lẹ́tà, etí mọ ohùn rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n kọ. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, lórí òrùlé ilé náà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, Montessori ní kí ọmọkùnrin ọdún márùn-ún kan fi ẹfun ya ihò èéfín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó yà á. Ó dúró díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń kígbe pé òun mọ̀wé kọ, ó sì kúnlẹ̀, ó kọ “mano”, ìyẹn ọwọ́, sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn yòókù ti ń kọ nǹkan sí ibi gbogbo tí ẹfun bá lè kọ. Àwọn tó jẹ́ pé nítorí kí wọ́n má baà kọ ara ògiri ni wọ́n ṣe kó wọn jọ!

Ìtàn dùn, àmọ́ ìtàn kò tó ẹ̀rí. Ìṣòro tó wà nínú ìwádìí lórí irú ilé-ìwé yìí ni pé òbí tó bá wá a lọ lè yàtọ̀ sí òbí tí kò wá a: ó lè lówó jù, ó lè máa kàwé fún ọmọ rẹ̀ nílé. Àwọn olùwádìí méjì, Angeline Lillard àti Nicole Else-Quest, rí ọgbọ́n kan ta sí i ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà. Ilé-ìwé Montessori ti ìjọba wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ wọlé pọ̀ ju àyè lọ, nítorí náà kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Gbogbo òbí ló fẹ́ ẹ. Kèké ló pín wọn. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí kèké mú ṣe dáadáa ju àwọn tí kò mú lọ nínú mímọ lẹ́tà àti ọ̀rọ̀, nínú ìṣirò, nínú ìkóra-ẹni-níjàánu, àti nínú bí wọ́n ṣe ń yanjú aáwọ̀ láàárín ọmọdé. Ìwé ìròyìn Science ló gbé e jáde lọ́dún 2006. Ní ìlú Hartford, Lillard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ ọmọ 141 fún ọdún mẹ́ta, kèké ló pín àwọn náà. Ọgbọọgba ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa dé òpin, àwọn ti Montessori ti síwájú nínú ẹ̀kọ́, àlàfo tó sábà máa ń wà láàárín ọmọ olówó àti ọmọ tálákà sì ti dín kù lọ́dọ̀ wọn. Ìwádìí mìíràn tí Lillard ṣe ní 2012 tún gba àfiyèsí: ní àwọn kíláàsì tó di ìlànà náà mú ṣinṣin, àwọn ọmọ tẹ̀ síwájú ju ti àwọn kíláàsì tó ń pò ó mọ́ nǹkan mìíràn lọ.

Montessori nìkan kọ́ ló rìn ní ọ̀nà yìí. Ní abúlé Villa Cella nítòsí Reggio Emilia ní ilẹ̀ Ítálì, lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí níbẹ̀ ní 1945, àwọn ará abúlé ta ọkọ̀ ogun kan, ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀ àti àwọn ẹṣin tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi sílẹ̀, wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́ ilé-ìwé ọmọdé. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Loris Malaguzzi gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó, kò sì kúrò nídìí iṣẹ́ náà mọ́. Níbẹ̀, ìbéèrè tí ọmọ béèrè lè di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní Ypsilanti, ìpínlẹ̀ Michigan, David Weikart bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní 1962 níbi tí ọmọ ti ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á ṣe é, á sì wá ròyìn bó ṣe ṣe é. Ọmọ 123 ni ìwádìí náà kó mọ́ra, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ wọn dé ìgbà tí wọ́n pé ọmọ 40 ọdún. Àwọn tó lọ síbẹ̀ parí ilé-ìwé girama ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn yẹn kò lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kankan, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé gbogbo ògo rẹ̀ fún yíyàn tí ọmọ ń yàn.

Àríwísí náà wà. William Kilpatrick, gbajúmọ̀ olùkọ́ni ní New York, kọ odindi ìwé kan ní 1914 láti fi hàn pé ohun èlò Montessori ti há jù, pé kò fi àyè gba eré ìrònú: ọmọ kò lè sọ igi ilé-ìṣọ́ di ọkọ̀ ojú irin. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ ṣe bí ìyá ń tajà, bí bàbá ń wakọ̀, yóò nílò ibòmíràn tí yóò ti ṣe é.

Ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, orúkọ Montessori ti di ohun tí ojú ń rí lára ògiri ilé-ìwé ní òpópónà púpọ̀. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má lò ó. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìdájọ́ kan ní 1967 ti sọ pé orúkọ náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òbí bá ilé-ìṣọ́ pupa nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, eruku ti bò ó, kí gbogbo ọmọ sì máa ké ABD lẹ́yìn Àǹtí. Kì í ṣe ẹ̀bi Àǹtí nìkan. Ìyá tó sanwó ń retí kí ọmọ ọdún mẹ́ta mú iṣẹ́ àṣetiléwá délé nínú ìwé tí bírò ti kún. Ẹni tó ń da ẹ̀wà láti inú ife sí ife ní gbogbo òwúrọ̀ kò ní ohun tí yóò fi hàn án.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé San Lorenzo rọrùn nítorí pé ní èdè Ítálì, bí wọ́n ṣe ń pè é ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Yorùbá náà rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì rí i pé kò pa Gẹ̀ẹ́sì wọn lára.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣe é lédè Yorùbá kò ní láti kó ohun èlò wá láti òkè òkun. Káfíńtà àdúgbò lè gé igi mẹ́wàá náà bí ó bá ní rúlà. Ìlẹ̀kẹ̀ ìṣirò ti Montessori jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀pá mẹ́wàá, àwo ọgọ́rùn-ún, àti ègé ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó ń ka owó bí Yorùbá ṣe ń kà á yóò sin tirẹ̀ ní ogún-ogún, kí ọmọ lè fi ọwọ́ kan bí ogún méjì ṣe di ogójì, bí ogún mẹ́wàá ṣe di igba, àti ibi tí àrùndínlógójì ti yọ márùn-ún kúrò. Lẹ́tà sáńpépà yóò jẹ́ 25. Ẹni tó ń gé wọn kò gbọ́dọ̀ gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ, kó sì lẹ g àti b ti gb mọ́ páálí kan náà, nítorí ìró kan ni ọmọ yóò gbọ́.